Orísun àti Alágbàtà: Bí Àwọn Olùtọ́jú Sáfà ní Accra Ti Ń Yan Ètò Wọn

Àwọn àgbà a máa wí pé alágbàtà ni ń sọ ọjà di ọ̀wọ́n. Bí ó bá ṣe ti iṣu tàbí ti ẹja gbígbẹ ni, kò sí ẹni tí yóò jiyàn ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá lè gbé e dé oko ni yóò ra iṣu ní iye tí kò tó ti ọjà. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà ní ayé òde òní tí ó jẹ́ pé bí a gbà á lọ́wọ́ alágbàtà, bí a sì lọ bù ú ní orísun, ọ̀fẹ́ ni ní ọ̀nà méjèèjì. Síbẹ̀ àwọn tí ń lò ó kò dẹ́kun àríyànjiyàn, láti ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún wá, lórí èyí tí ó sàn jù. Ọjà náà ni ètò tí ń mú kọ̀ǹpútà tí a ń pè ní sáfà ṣiṣẹ́.

Sáfà kì í ṣe kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ń jókòó tì láti kọ lẹ́tà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn tọ̀sán-tòru. Òun ni ó ń gba lẹ́tà orí ẹ̀rọ tí ó sì ń pín in. Òun ni ó ń pa orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mọ́, pẹ̀lú èsì ìdánwò wọn àti owó tí wọ́n ti san. Òun náà ni ó ń gbé ìkéde ilé-ẹ̀kọ́ jáde nígbà tí òbí kan bá bèèrè rẹ̀ láti òkèèrè. Apá tí ó pọ̀ nínú àwọn ètò tí ń ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí ni ó jẹ́ pé àwọn tí ó kọ wọ́n kò fi àkọsílẹ̀ ìpìlẹ̀ wọn pamọ́. Ẹnikẹ́ni lè kà á, ó lè tún un ṣe, ó sì lè fi fún ẹlòmíràn. Apache tí ń gbé ojú-ewé jáde, BIND tí ń tú orúkọ sí nọ́ńbà, Exim tí ń pín lẹ́tà, PostgreSQL tí ń tọ́jú àkọsílẹ̀, irú bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn.

Ọ̀nà méjì ni irú ètò bẹ́ẹ̀ fi ń dé ọwọ́ ẹni tí yóò lò ó. Èkíní ni kí ó lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ ọ́ gan-an, kí ó bu àkọsílẹ̀ náà bí wọ́n ti gbé e jáde, kí ó sì fúnra rẹ̀ yí i padà sí èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Orísun nìyẹn. Èkejì ni kí ó gbà á lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tí ó ti kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò jọ, tí ó ti dì wọ́n ní ìdì-ìdì, tí ó ti yẹ̀ wọ́n wò kí wọn má baà bá ara wọn jà, tí ó sì ti ṣe ìlérí láti máa lẹ àbùlẹ̀ mọ́ wọn fún iye ọdún kan. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Debian, tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ian Murdock dá sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, nígbà tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà. Irú rẹ̀ ni Red Hat, tí ó jẹ́ ilé-iṣẹ́ olówò. Irú rẹ̀ sì ni Ubuntu, tí Mark Shuttleworth, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, gbé kalẹ̀ lórí ìpìlẹ̀ Debian ní 2004. Àwọn wọ̀nyí ni alágbàtà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ méjèèjì láì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, kí ó lọ sí Dansoman. Àdúgbò ńlá ni, ní ìwọ̀-oòrùn Accra, kò sì jìnnà sí òkun. Ní àwọn ọdún 1970 ni a kọ́ ilé ìjọba púpọ̀ síbẹ̀, ilé tí a fi ìlànà kan náà yà, tí ojú títì rẹ̀ gún, tí yàrá rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti aládùúgbò. Ẹni tí ó bá gba irú ilé bẹ́ẹ̀ kò wá bíríkìlà kiri, bẹ́ẹ̀ ni kò dúró ti káfíńtà lórí òrùlé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ya ilé náà kò mọ iye ọmọ tí onílé yóò bí, kò sì mọ̀ pé ìyàwó rẹ̀ yóò fẹ́ máa tajà. Ìdí rẹ̀ nìyí tí ẹni tí ó bá ń rìn láti Sahara lọ sí Last Stop fi ń rí yàrá tí a fi kún ẹ̀yìn ilé, àti ṣọ́ọ̀bù tí a so mọ́ iwájú rẹ̀, títí tí ojú kò fi tètè dá ilé ti àkọ́kọ́ mọ̀ mọ́. Bí òrùlé ilé ti àkọ́kọ́ bá ń jò, káfíńtà tí ó ti tún ti aládùúgbò ṣe mọ ibi tí ó yẹ kí ó gùn, nítorí pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ yàrá tí onílé so mọ́ ọn fúnra rẹ̀ ni ó ń jò, òun nìkan ni ó mọ ibi tí ó kan ìṣó sí, bí ó bá ṣì rántí.

Ìtàn bí yíyàn yìí ti dé Accra kò ṣeé sọ láì dárúkọ Ọ̀mọ̀wé Nii Quaynor.  Ó gba oyè ìjìnlẹ̀ nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ New York tí ó wà ní Stony Brook ní 1977, ó sì wà nídìí dídá ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Cape Coast ní 1979. Ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ ní Accra, Network Computer Systems, ni ó ṣe aṣáájú nínú bí a ti so Gánà mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì ní àárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí ó yí i ká kò tíì mọ ohun tí à ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 2007 ni a fi ẹ̀bùn Jon Postel dá a lọ́lá, ẹ̀bùn tí ó jẹ́ pé àwọn tí ó tún íntánẹ́ẹ̀tì ṣe fún aráyé nìkan ni a ń fún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, okùn abẹ́ òkun tí ń jẹ́ SAT-3 kò tíì dé èbúté Gánà; ọdún 2002 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ojú ọ̀run ni wọ́n ń gbà bá ayé sọ̀rọ̀ nípa sátẹ́láìtì, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tí ó wà ní ilé, tí ó fi wáyà tẹlifóònù so kọ̀ǹpútà rẹ̀, bí ó bá fẹ́ gba ohun tí ó kún àwo CD kan ṣoṣo láti òkè òkun, yóò fi ju wákàtí 25 lọ, bí tẹlifóònù kò bá já, bí iná kò sì lọ. Nínú ipò bẹ́ẹ̀, orísun kì í ṣe odò tí ènìyàn lè máa rọra gbé korobá lọ sí ní òwúrọ̀. Bí àwo CD kan tí alágbàtà ti di gbogbo ètò sí bá bọ́ sí ọwọ́ ẹnìkan, ọwọ́ dé ọwọ́ ni yóò máa lọ títí ojú rẹ̀ yóò fi họ. Nígbà tí Ubuntu bẹ̀rẹ̀ sí fi CD ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nípasẹ̀ ilé-ìfìwéránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá bèèrè, ní gbogbo ayé, àwọn ará Áfíríkà rí i pé alágbàtà yìí kò sọ ọjà di ọ̀wọ́n rárá. Ó gbé e wá sí ẹnu ọ̀nà. Ní 2011 ni wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró.

Bí ó ti wù kí ó rí, àwọn kan wà tí wọ́n rò pé ẹni tí kò bá mọ orísun kò lè mọ iṣẹ́ náà. Ní 2000 ni àwọn tí ń tọ́jú íntánẹ́ẹ̀tì ní Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ AfNOG, Ọ̀mọ̀wé Quaynor sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn òpó rẹ̀. Cape Town ni wọ́n ti kọ́kọ́ pàdé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, 2001, Accra ni wọ́n péjọ sí. Ó kan Lomé ní 2002, ó sì dé Abuja ní 2007. Ìpàdé wọn kì í ṣe ti ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a jókòó ti ẹ̀rọ fún ọjọ́ púpọ̀, wọn a fi ọwọ́ ara wọn gbé sáfà dìde láti ilẹ̀, wọn a bà á jẹ́, wọn a tún un ṣe. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, FreeBSD ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ sáfà níbẹ̀, èyí tí ìdílé rẹ̀ ti Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley wá.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ lórí FreeBSD, nítorí pé ó ní ohun kan tí ó wà láàárín orísun àti alágbàtà. Wọ́n ń pè é ní ports. A lè fi í wé ìwé tí a kọ bí a ti ń se ọbẹ̀ sí. Kò fún ènìyàn ní ọbẹ̀ tí ó ti jinná. Ó sọ ibi tí a ti lè rí ẹran, ó sọ iye ata, ó sì sọ pé bí ó bá jẹ́ ìkòkò irú báyìí ni, kí a dín omi rẹ̀ kù. Ẹ̀rọ yóò fúnra rẹ̀ lọ sí orísun, yóò gbé àkọsílẹ̀ náà wá, yóò wò ó bóyá ẹnikẹ́ni kò ti fọwọ́ rú u, yóò lẹ àbùlẹ̀ tí ó yẹ mọ́ ọn, yóò sì sè é. Ẹni tí kò bá ní àkókò láti sè é lè bèèrè èyí tí a ti sè tẹ́lẹ̀. Nípa báyìí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti Accra, Ìbàdàn tàbí Cotonou lọ sí irú kíláàsì bẹ́ẹ̀ fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ọwọ́ ènìyàn wà láàárín odò àti ìkòkò, ó sì mọ ohun tí ọwọ́ náà ń ṣe.

Ní ọdún díẹ̀ sí i, ìfẹ́ sí irú ètò tí a kò fi pamọ́ ti tàn ní Accra. A ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà tí a fi orúkọ Kofi Annan pè ní 2003 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Íńdíà. Ìpàdé ńlá Idlelo, tí ẹgbẹ́ FOSSFA ń pè fún gbogbo Áfíríkà lórí irú ètò yìí, sì wáyé ní Accra ní 2010. Ní Dansoman gan-an, ìjọ Mẹ́tódíìsì ti dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọn sílẹ̀ láti 2000. Níbikíbi tí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì wà, sáfà kò ní pẹ́ dé, ìbéèrè náà yóò sì tẹ̀lé e: ṣé ti alágbàtà ni, àbí ti orísun?

Àléébù alágbàtà tí gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ rí ni pé ó ń pẹ́. Debian gbé ẹ̀dà tí wọ́n pè ní woody jáde ní oṣù keje ọdún 2002. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀, sarge, kò dé títí di oṣù kẹfà ọdún 2005. Nínú ọdún mẹ́ta tí ó kù díẹ̀ yìí, ètò tí ó wà nínú ìdì kò kúrò ní ojú kan, bí a bá yọ ti àbùlẹ̀ ààbò kúrò. Fún ètò tí ń gbé ojú-ewé jáde, ìyẹn kò burú. Ṣùgbọ́n fún ètò tí ń ṣẹ́ lẹ́tà ẹlẹ́tàn kúrò nínú lẹ́tà gidi, ọdún mẹ́ta jẹ́ ayérayé. Àwọn ẹlẹ́tàn kì í sùn. Ẹ̀tàn tí wọ́n dá ní àná ni àjùmọ̀ṣe ètò àtijọ́ kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ olùtọ́jú sáfà ni ó di dandan fún nígbà náà láti lọ sí orísun nítorí ètò kan tàbí méjì, bí wọ́n tilẹ̀ fi gbogbo ìyókù sí ọwọ́ Debian. Debian alára gbà pé òtítọ́ ni. Nígbà tí ó yá, wọ́n ya ààyè kan sọ́tọ̀ fún irú ètò tí kò gbọdọ̀ gbó.

Ṣùgbọ́n àléébù kejì burú ju èkíní lọ, ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún 2008 ni ó sì hàn sí gbogbo ayé. Ètò kan wà tí ń jẹ́ OpenSSL, tí ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ tí sáfà fi ń mọ ẹni tí í ṣe tirẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀ kò níláárí bí ẹlòmíràn bá lè fi ọgbọ́n mọ bí eyín rẹ̀ ti rí, nítorí náà ni ètò náà fi ń wá oríṣiríṣi ohun tí kò ṣeé mọ̀ tẹ́lẹ̀ kó jọ kí ó tó gé e. Ní 2006, olùtọ́jú ìdì yìí ní Debian rí ìlà tí ẹ̀rọ ìyẹ̀wò kan ń ráhùn sí. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ará orísun níbi tí wọ́n ti ń jíròrò, èsì tí ó sì gbà kò dá a dúró. Ó yọ ìlà náà kúrò. Ohun tí kò mọ̀ ni pé ìlà náà ni ó ń kó ohun àìmọ̀tẹ́lẹ̀ wọlé. Láti ọjọ́ náà, fún bí ọdún kan àti oṣù mẹ́jọ, kọ́kọ́rọ́ tí Debian àti Ubuntu ń gé kò ju oríṣi 32,768 lọ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá jókòó gé gbogbo wọn sílẹ̀ yóò fi wọ́n dán ilẹ̀kùn wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀kùn yóò fi ṣí. Ẹni tí ó bu OpenSSL ní orísun kò ní àléébù yìí rárá. Àwọn tí ó gba CD ọ̀fẹ́ ni ó kàn. Kì í ṣe pé kí wọ́n lẹ àbùlẹ̀ kí wọ́n sì sùn. Gbogbo kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ti gé láti 2006 ni wọ́n ní láti dà nù, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti fi fún àwọn ẹlòmíràn.

Nígbà náà ni àwọn olólùfẹ́ orísun gbé orí sókè. Ayọ̀ wọn kò ju ọdún mẹ́fà lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni a kéde pé ihò kan wà nínú OpenSSL kan náà, tí a sọ ní Heartbleed. Lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ àwọn ará orísun ni ó ti wá, nínú ẹ̀dà 1.0.1 tí wọ́n gbé jáde ní 2012. Ẹni tí ó bá mọ ihò náà lè bèèrè lọ́wọ́ sáfà, kí sáfà sì máa ka ohun tí ó wà nínú iyè rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ ìwọlé àti kọ́kọ́rọ́ pẹ̀lú, láì sí àmì kankan tí yóò fi hàn pé olè wọlé. Àwọn tí ó ṣì wà lórí ẹ̀dà Debian àtijọ́, squeeze, tí àwọn ènìyàn ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ti gbó, kò ní ihò náà, nítorí pé OpenSSL tiwọn ṣáájú 1.0.1. Àwọn tí ó wà lórí Debian tuntun, wheezy, ní in, ṣùgbọ́n àbùlẹ̀ dé ọwọ́ wọn kíákíá, àṣẹ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi gbà á. Ẹni tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sè é láti orísun ní láti kọ́kọ́ rántí iye ibi tí ó gbé e sí.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Heartbleed tí ó ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, ó sì ń ṣi wọ́n lọ́nà títí di òní. Orísun tún ihò náà dí nínú ẹ̀dà 1.0.1g. Ṣùgbọ́n Debian kò gba 1.0.1g; wọ́n gé àbùlẹ̀ náà nìkan, wọ́n sì rán an mọ́ 1.0.1e tí ó wà lọ́wọ́ wọn. Aṣọ kò pààrọ̀, àbùlẹ̀ ni ó wọ̀ ọ́. Ọ̀gá tí ó bá ka nọ́ńbà nìkan yóò pariwo pé ihò ṣì wà, a ó sì fi agbára mú ọmọ-iṣẹ́ láti lọ sí orísun nítorí ewu tí kò sí. Bí ó bá lọ báyìí, yóò jáde kúrò lábẹ́ àbójútó alágbàtà láì mọ̀, ihò tí ó bá ṣí lẹ́yìn náà yóò sì di tirẹ̀ nìkan.

Ti Exim ní 2019 tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Philip Hazel ni ó kọ ètò yìí ní Yunifásítì Cambridge ní 1995, Debian sì fi ṣe olùpín lẹ́tà tí ó ń bá gbogbo ìdì rẹ̀ rìn. Ní oṣù kejì ọdún 2019 ni orísun gbé ẹ̀dà 4.92 jáde. Ní oṣù kẹfà ni àwọn olùṣàyẹ̀wò láti Qualys kéde pé ihò wà nínú Exim láti 4.87 títí dé 4.91, tí ó fi jẹ́ pé àlejò lè pàṣẹ fún sáfà bí ẹni tí ó ni í. Nínú 4.92 ihò náà kò sí mọ́. Àwọn ará orísun ti dí i láì mọ̀ pé ihò ni. Debian 9, tí ó wà lórí sáfà púpọ̀ nígbà náà, ń lo 4.89. Nítorí náà ẹni tí ó ti ń bá orísun rìn ti wà ní àlàáfíà fún oṣù mẹ́rin kí ewu tó hàn, ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ alágbàtà sì ní láti yára gba àbùlẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn ìkéde ni àwọn olè ti bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn kiri.

Bí a bá gbé àwọn ọdún wọ̀nyí sí orí ìwọ̀n, a ó rí i pé ẹni tí ń bèèrè èwo ni ó mọ́ jù kò ní rí ìdáhùn. Ìbéèrè tí ó ní ìdáhùn ni èyí: ní òru tí ihò bá ṣí, ta ni yóò jí? Ẹni tí ó gba ìdì ti fi jíjí náà lé àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó sì kù fún un láti gba àbùlẹ̀ bí ó bá ti dé. Ẹni tí ó lọ sí orísun ti di alágbàtà ara rẹ̀. Òun ni ó gbọ́dọ̀ máa ka ìkéde àwọn tí ó kọ ètò náà lójoojúmọ́, òun ni yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ti tuntun kò ní ba ti àtijọ́ jẹ́. Ní ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó ní òṣìṣẹ́ ogún fún iṣẹ́ yìí nìkan, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ẹni tí ń tọ́jú sáfà náà ni ó ń kọ́ kíláàsì ní ìṣirò ní àárọ̀, tí ó sì ń ṣe ìṣètò eré ìdárayá ní ọ̀sán. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gbé gbogbo ètò rẹ̀ láti orísun, tí a sì gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà, ẹni tí ó bá jókòó sí ipò rẹ̀ yóò bá yàrá tí òun kò mọ ibi tí a kan ìṣó sí. Èsì ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ ni ó wà nínú yàrá náà.

Kì í ṣe pé kí a má lọ sí orísun láé. Bí ètò kan bá wà tí ó jẹ́ pé nítorí rẹ̀ ni sáfà náà fi wà, tí a sì nílò ohun tí ẹ̀dà tuntun rẹ̀ nìkan ní, ó tọ́ kí a máa bá a rìn tímọ́tímọ́. Ètò kan ṣoṣo kò pọ̀ jù fún ojú méjì. Orísun mìíràn sì ti fúnra wọn kọ́ ìwà alágbàtà. Àwọn tí ń kọ PostgreSQL àti àwọn tí ń kọ nginx ń di ìdì tiwọn fún Debian àti fún àwọn ìdílé Red Hat, tí olùtọ́jú sáfà lè fi àṣẹ kan náà gbà. Yàtọ̀ sí èyí, a kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé alágbàtà kì í kú. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2020, àwọn tí ń darí CentOS, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà ní gbogbo ayé gbẹ́kẹ̀ lé nítorí pé ó jẹ́ Red Hat láì san owó, kéde pé CentOS Linux 8, tí a ti retí pé a ó máa lẹ àbùlẹ̀ mọ́ títí di 2029, yóò parí ní ìparí 2021. Ìlérí ọdún mẹ́wàá di ti ọdún méjì ó lé díẹ̀. Kí 2021 tó parí, Rocky Linux àti AlmaLinux ti dìde láti gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ sínú CentOS 8 ní láti tún kó o jáde. CentOS 7 ní tirẹ̀ pé ọjọ́ tí a dá fún un, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 2024.

Ọdún 2024 yìí kan náà ni ìdánwò tí ó le jù dé. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta, okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. Íntánẹ́ẹ̀tì dákẹ́ ní apá púpọ̀ ní Gánà, ó fà ní Nàìjíríà, ìyà rẹ̀ sì jẹ ọ̀pọ̀ ìlú ní etíkun wa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ọjọ́ 15 lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, Andres Freund, ọ̀kan nínú àwọn tí ń kọ PostgreSQL, kéde ohun kan tí ó kọ́kọ́ rí nítorí pé ìwọlé sí sáfà rẹ̀ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹnìkan tí ń pe ara rẹ̀ ní Jia Tan ti fi ohun tí ó ju ọdún méjì lọ ṣe iṣẹ́ rere fún ètò kékeré kan tí ń jẹ́ xz, tí ń rún ìwé mọ́lẹ̀ kí ó lè gba àyè díẹ̀, títí tí a fi fún un ní àṣẹ ilé. Nígbà tí ó gba àṣẹ tán, ó gbẹ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ó fi í pamọ́ sínú àpò tí a ń gbé jáde fún àwọn tí ó wá bù mu. Ẹni tí ó bá ka àkọsílẹ̀ gbangba nìkan kò ní rí gbogbo rẹ̀.

Orísun gan-an ni ó ní májèlé, nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn alágbàtà kò lè wẹ ọwọ́ wọn mọ́ pátápátá. OpenSSH, tí í ṣe ilẹ̀kùn tí ọ̀nà ẹ̀bùrú náà ń wá, kì í lo xz bí ó ti ń jáde láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ó kọ ọ́. Àbùlẹ̀ tí Debian àti Fedora ti rán mọ́ ọn ní tiwọn ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀. Ohun tí ó gba ayé là ni ìlọ́ra tí a ti ń bú alágbàtà sí láti ayé woody. Ẹ̀dà méjèèjì náà ti wọ ibi tí Debian ti ń dán ìdì tuntun wò, kò sì tíì dé ibi tí wọ́n ti ń fi í fún aráàlú. Ní ọjọ́ tí ìkéde náà jáde, tí ọ̀pọ̀ ní Accra ṣì ń dúró kí wọ́n tún okùn òkun ṣe, xz tí ó wà nínú Debian 12 ni 5.4.1.